Láti Bàdóre dé Ìgbókòdá lójú omi ní Disẹ́ńbà: kí la máa múra sílẹ̀, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

OmoIlaje_Ajah

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ bi àwọn tó mọ omi léèrè nǹkan. Èmi àti àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjì pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, a fẹ́ gba ojú omi lọ sílé fún Kérésì yìí. Bàdóre la ti fẹ́ gbéra, ká gba ọ̀sà Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ká la ọ̀sà Lẹ́kkí kọjá, ká wá wọ inú odò tó lọ sí Àtíjẹ́rẹ́ títí a ó fi gúnlẹ̀ sí Ìgbókòdá. Ọkọ̀ wa jẹ́ fáíbà, ẹsẹ̀ bàtà 23, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 two-stroke ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìkòròdú la máa ń gbé e lọ, a ò tíì gbé e jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní kí ni wọ́n ń wá lórí omi nígbà tí mọ́tò wà. Ojú omi yìí ni bàbá wa gbà wá sÉkòó nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún wa láti kékeré, orúkọ gbogbo èbúté ló wà lẹ́nu wọn títí dòní. Ẹsẹ̀ ti ń dun wọ́n báyìí, mo fẹ́ kí wọ́n ṣì lè rìn dé èbúté wá pàdé wa kí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ wọn náà gba ibẹ̀ wọlé. Ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé epo mélòó la máa gbé, ṣé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó, aago mélòó ló dáa ká gbéra, àti pé tí a bá ti kọjá Ẹ̀pẹ́ báwo la ṣe máa mọ̀nà torí mo gbọ́ pé ẹnu odò pọ̀ níbẹ̀ wọ́n sì jọra wọn. Ẹ ṣeun o.

Mekaniki_Etiomi

Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìmúra o. Ti ẹ́ńjìnnì ni màá sọ torí òun ni mò ń tún ṣe jẹun. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáfíìsì ẹ́ńjìnnì yẹn ní ọ̀la-ẹ-ń-lọ, ẹ ṣe é ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, torí nǹkan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dì padà ló máa ń yọnu jù, ẹ jẹ́ kó yọnu ní Bàdóre níbi tí ẹ ti lè pe èèyàn. Tí ẹ bá ti ṣe é tán ẹ kó irú ẹrù àti iye èèyàn tí ẹ máa kó lọ sínú ẹ̀ ẹ wá wà á fún wákàtí méjì ó kéré tán, kì í ṣe kí ẹ kàn tan án létí jẹ́tì kí ẹ gbọ́ pé ó ń dún dáadáa. Ọkọ̀ òfìfo àti ọkọ̀ ẹlẹ́rù ò jọra rárá, epo tí wọ́n ń mu ò jọra, bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì náà ò jọra.

Ti epo, ẹ́ńjìnnì 40 two-stroke tí wọ́n bá fún un tán pátápátá lè mu tó lítà 15 sí 17 ní wákàtí kan. Tí ẹ bá dín in kù díẹ̀, owó epo á dín gan-an, iyára tó máa bọ́ níbẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi tèmi ṣírò o, ẹ wọn tiyín. Ọjọ́ tí ẹ bá ń dán an wò ẹ rọ táǹkì kún dẹ́nu, ẹ wà á ní wákàtí kan géérégé bí ẹ ṣe máa wà á lọ́nà, ẹ wá fi ohun tó ní àmì lítà rọ ọ́ kún padà, ohun tó bá gbà nìyẹn. Kí ẹ wá gbé ohun tó máa mú yín débẹ̀ kí ẹ sì fi ìdajì ẹ̀ lé e. Ewé orí omi lè dínà kí ẹ padà sẹ́yìn, atẹ́gùn lè kọjú sí yín, gbogbo ẹ̀ epo ni.

Àdàpọ̀ epo àti ọìlì ẹ̀ ni 50 sí 1, ìyẹn ni pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 máa gba ìdajì lítà ọìlì. Ọìlì two-stroke ti ẹ́ńjìnnì ojú omi o, èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, kì í ṣe ọìlì mọ́tò. Ẹ pò ó pọ̀ sílé, ẹ má dúró dìgbà tí ọkọ̀ ń mì lójú ọ̀sà kí ẹ tó máa wọn ọìlì. Ẹ lo àrọ tó ní asẹ́, torí omi máa ń wà nínú bẹntiróò tí wọ́n ń tà létí omi. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ wà níbi tí atẹ́gùn ò dé lábẹ́ ọkọ̀, oru bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń kó jọ sí, iná kékeré báyìí ló ń wá. Kò sí sìgá, kò sí sítóòfù nínú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ máa wo omi tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà. Tó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kò rí omi mu mọ́ nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà náílọ̀nù ló máa dí i lẹ́nu, ọ̀sà Èkó kún fún un, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè kí ẹ yọ ọ́. Tí kì í bá ṣe náílọ̀nù, impeller ni, ìyẹn rọ́bà tó ń fa omi wọnú ẹ́ńjìnnì, ẹ mú tuntun kan dání. Ẹ mú pọ́lọ́ọ̀gì, fílítà epo, okùn tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnnì, pọ̀rọ̀pẹ́là kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti píìnì ẹ̀, àti sípánà tó bá gbogbo wọn mu. Tí ẹ bá fẹ́ yọ pọ̀rọ̀pẹ́là lójú omi, ẹ so ó mókùn kó má ríì. Okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì, ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló ń gbé, wọn kì í fi kọ́ ara ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ò tó fún ọ̀nà yẹn. Tí ẹ bá lè rí ẹ́ńjìnnì kékeré 15 yá ẹ gbé e dání. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ gbé àjẹ̀ méjì tó dáa àti ọ̀pá gígùn, púpọ̀ ọ̀sà yẹn ò jìn, ọ̀pá máa kan ilẹ̀.

IyaEleja

Ọmọ mi, Ọlọ́run á sìn yín lọ. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ bàbá yín yẹn. Èmi ò mọ ẹ́ńjìnnì o, ẹrù ni mo mọ̀, torí ẹja yíyan ni mò ń kó lójú omi yẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge.

Disẹ́ńbà lẹ̀ ń sọ yìí, mo mọ bó ṣe máa rí, ẹ máa fẹ́ ra ìrẹsì, òróró, aṣọ, ẹ̀bùn fún ará ilé, tó bá yá wọ́n á tún ní kí ẹ bá wọn gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹ kọ̀. Epo yín nìkan ti tó ẹrù. Èyí tó bá wúwo ẹ gbé e sísàlẹ̀ láàárín ọkọ̀, ẹ má kó o síwájú torí ọkọ̀ tí imú ẹ̀ bá wúwo inú ìgbì ló máa ń ti imú bọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí àpò ìrẹsì pé ibẹ̀ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ fi tapólì bò ó, ẹ so ó, kí ẹ ṣáà ríi pé ẹ ṣì ráyè gbọ́n omi nídìí ọkọ̀. Igbá tí ẹ máa fi gbọ́n omi náà ẹ so ó mọ́ ọkọ̀.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ara là ń wọ̀ ọ́ sí, wọn kì í jókòó lé e. Èyí tí wọ́n bá fún ọmọdé yẹn kí ó jẹ́ tọmọdé, kó ní okùn tó ń gba abẹ́ itan, torí tàgbà máa yọ lọ́rùn ẹ̀ tó bá bọ́ sómi. Ẹ dán an wò lára ẹ̀ nílé, ẹ dì í, ẹ fi èjìká jákẹ́ẹ̀tì yẹn gbé e sókè, tí kò bá yọ, ó dáa.

Ohun tó ń dùn mí jù, tí mo sì ń bẹ̀ yín sí, ni àwọn tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀nà. Obìnrin méjì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ẹja kún inú ọkọ̀, etí ọkọ̀ wọn ò ga sómi rárá. Ẹlẹ́ńjìnnì á ya lọ wìì, kò ní wẹ̀yìn, ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀ á sì da omi sínú ọkọ̀ wọn. Mo ti rí ibi tí gbogbo ọjà odidi ọjọ́ márùn-ún ti wọmi báyìí. Tí ẹ bá rí wọn lókèèrè ẹ dín eré kù pátápátá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ kí wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ibi tí ẹ bá ti rí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí fóòmù tó ń léfòó ní ìlà, àwọ̀n ló wà níbẹ̀, ẹ yí i po. Ẹni tí ẹ bá já àwọ̀n ẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ lẹ já, ẹ dúró kí ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sanwó ẹ̀.

Oúnjẹ, ẹ mú púpurú àti gààrì, omi mímu kó pọ̀ torí omi ọ̀sà kì í ṣe mímu, kí ẹ mú fìlà torí oòrùn orí omi ń jó èèyàn láti òkè ó tún ń jó o láti ìsàlẹ̀. Aṣọ gbígbẹ kọ̀ọ̀kan nínú náílọ̀nù méjì.

OmoAyetoro

Kí lẹ ń ṣe wàhálà tó báyìí fún. Ẹ gbéra ní aago mẹ́rin òru, ojú omi á pa rọ́rọ́, ẹ ó ti wọ Ìgbókòdá lọ́jọ́ kan náà. Èmi mọ àwọn tó ń ṣe é.

Atuko_Epe

@OmoAyetoro ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ yẹn ò yẹ ní sísọ fún ẹni tí kò gba ọ̀nà yẹn rí. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi abẹ́lé, ò fọwọ́ sí ìrìn òru lórí omi, ìdí ẹ̀ ò sì ṣòroó rí fẹ́ni tó bá mọ ọ̀sà Èkó. Àwọn tó ń fa ìgẹdú wá sí Èkó láti ìhà Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Oǹdó, wọ́n ń so ó pọ̀ bí ẹní ni wọ́n ń fà á lórí omi, èyí tó bá já nínú wọn á máa léfòó díẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ omi, orí ẹ̀ nìkan ló máa ń yọ. Ọ̀sán gan-an kò rọrùn láti rí i, ká má tíì sọ òru. Àwọn tó ń wa yanrìn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú páìpù wọn lójú omi láìsí iná. Àwọn òpó igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ tún wà. Fáíbà tó bá forí sọ ìgẹdú lórí eré, ó ti là nìyẹn.

OmoIlaje, ọ̀nà yín rèé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìrìn yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ọjọ́ kìíní Bàdóre sí Ẹ̀pẹ́ nìkan, ẹ sùn síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa dà bíi pé ó kúrú lójú yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní ni gbogbo ohun tí kò bá dì dáadáa máa ń tú, Ẹ̀pẹ́ sì ni ibi tí mẹkáníìkì wà, epo wà, ọjà wà, títì wà tí ẹ lè gbà padà sÉkòó tí nǹkan bá yí. Tí ẹ bá ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ò ní rí gbogbo ẹ̀ pọ̀ níbì kan mọ́ títí ẹ ó fi dé Ìgbókòdá.

Ẹ gbéra ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ lè rí iwájú, ní Disẹ́ńbà ìyẹn á tó bí aago méje. Tí ọyẹ́ bá bo ojú omi tí ẹ ò rí òdìkejì, ẹ dúró, ẹ jẹun, oòrùn á ká a. Tí ẹ bá kúrò ní Bàdóre tí ẹ kọjú sí ìlà oòrùn, Ìjẹ̀dẹ́ àti ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbìn máa wà lápá òsì yín, òpó èéfín ẹ̀ ga, ẹ ó máa rí i lẹ́yìn yín fún ìgbà pípẹ́, ẹ lè fi mọ̀ bóyá ẹ ń lọ tààrà. Lẹ́yìn náà ọ̀sà á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ ó kọjá Ejìnrìn lápá òsì náà, ibi tó jẹ́ pé láyé ìjọsí ọjà ńlá ni, ẹrù ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń tibẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ lọ sÉkòó kí títì àti rélùwéè tó gba òwò lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà omi yìí náà ni Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó gbà lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn òyìnbó lé e kúrò lórí oyè ní 1851, ẹ sọ fún ọmọdé yẹn nígbà tí ẹ bá ń lọ, á dùn mọ́ ọn.

Ọ̀sà Lẹ́kkí ni kókó. Ó fẹ̀ gan-an, ó lé ní 240 kìlómítà onígun mẹ́rin (square kilometre), àmọ́ kò jìn, ọ̀pọ̀ ibi ẹ̀ ò tó mítà 3. Omi tó fẹ̀ tí kò sì jìn, tí atẹ́gùn bá ti dé, ìgbì ẹ̀ kúkúrú ni ó sì ga, ó ń wá léraléra, ọkọ̀ ò ní ráyè mí. Atẹ́gùn òkun sì máa ń dìde lẹ́yìn ọ̀sán. Torí náà àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ là á, kí ẹ ti kúrò lójú gbalasa kí oòrùn tó kan àtàrí. Nǹkan kejì ni ewé tó ń léfòó lójú omi, tí wọ́n ń pè ní water hyacinth. Láti 1984 tó ti gba ìhà Pọ̀tọ̀nóòfò wọ inú omi wa ni kò ti lọ mọ́. Ní ọ̀sà Èkó, iyọ̀ òkun máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi ọ̀sà Lẹ́kkí ò níyọ̀, omi odò Ọ̀ṣun àti Oni ló ń wọ ibẹ̀, ewé yẹn wà níbẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Atẹ́gùn ló ń tì í kiri. Ẹnu odò tó ṣí lánàá lè dí lónìí pátápátá. Máàpù fóònù ò lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹ da máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ lójú ọ̀nà, àmọ́ òun nìkan ò tó.

Ẹ gba ẹnìkan ní Ẹ̀pẹ́ tó ń lọ sí ìhà Mákùn-Omi àti Àtíjẹ́rẹ́ léraléra. Ẹ sanwó fún un dáadáa, ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú ọkọ̀, ohun tó bá sọ ni kí ẹ ṣe. Tó bá ní ẹ dúró, ẹ dúró. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ná owó lé ju ohunkóhun lọ nínú gbogbo ètò yín.

Mekaniki_Etiomi

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Atuko. Kí n fi kún un, tí ewé bá lọ́ mọ́ pọ̀rọ̀pẹ́là ẹ má fi iná kún un pé kó já a, rọ́bà inú pọ̀rọ̀pẹ́là ló máa já. Ẹ pa á, ẹ gbé e sókè, ẹ fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Ẹ wà á padà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè da ewé tó wà lára ẹ̀ nù.

Omo_Okitipupa

Ọ̀rọ̀ yìí múnú mi dùn o. Bàbá ìyá mi máa ń sọ fún wa nípa àwọn láńṣì tó ń gba inú ọ̀sà àti odò láti Èkó kọjá sí ìhà wa títí dé Sàpẹ́lẹ̀ láyé òyìnbó, lẹ́tà àti èrò ló ń kó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya fọ́tò.

Ti ìwé, ẹ má gbàgbé pé ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dá a ní January 2024 pé NIWA ló láṣẹ lórí ojú omi abẹ́lé, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Èkó lẹ ti ń gbéra, ẹ kàn sí LASWA náà, ìyẹn àjọ ojú omi ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹnikẹ́ni má dá yín dúró ní jẹ́tì láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn.

OmoIlaje_Ajah

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti kà á fún àwọn àbúrò mi. Ọjọ́ méjì la máa fi lọ báyìí, Ẹ̀pẹ́ la máa sùn, àbúrò mi ti mọ ẹnìkan níbẹ̀ tó ń tajà ní ọjà Olúwo, òun ló máa bá wa wá ẹni tó máa mú wa lọ. Mo ti ní kí wọ́n má gbé ìrẹsì, a ó rà á ní Ìgbókòdá. Mọ̀mọ́, ti àwọn ọkọ̀ kékeré yẹn, mo gbọ́, mo ṣèlérí.

Ìbéèrè kan ló kù. Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́, ká ní ọkọ̀ dojú dé tàbí ẹ́ńjìnnì kọ̀ láàárín ọ̀sà, kí ni ṣíṣe? Ìyá ọmọdé yẹn ń bi mí léèrè, mi ò sì fẹ́ fún un lésì tí kò dájú.

Atuko_Epe

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, ìdákọ̀ró ni àkọ́kọ́ kí ẹ tó tú ẹ́ńjìnnì wò, torí bí ẹ ṣe ń tún un ṣe ni atẹ́gùn ń gbé yín lọ sínú ewé tàbí àwọ̀n. Okùn ìdákọ̀ró kó gùn, ó kéré tán ìlọ́po márùn-ún bí omi ṣe jìn tó. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ má wẹ̀ lọ sétí omi bó ti wù kó sún mọ́ lójú yín. Ẹ di ọkọ̀ mú. Fáíbà tí wọ́n fi fóòmù sínú ẹ̀ kì í rì tán, ẹ bi ẹni tó kàn án fún yín léèrè bóyá ó fi sí i, àwọn tó ń wá yín náà á tètè rí ọkọ̀ ju orí èèyàn lọ. Ẹ jẹ́ kí fèrè wà lára jákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in nílé, ẹni báyìí ló máa di ọmọ mú, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, kò gbọdọ̀ máa wá ẹrù.

Ẹ fi fóònù sínú náílọ̀nù tí omi ò lè wọ̀, ọ̀kan sára yín, kì í ṣe inú báàgì. 112 àti 767 ni ẹ máa pè tí ẹ bá ṣì wà ní Èkó. Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ ìwé kan sílẹ̀ fún ìyá ọmọ yẹn: àwọ̀ ọkọ̀, iye èèyàn, aago tí ẹ gbéra, aago tó yẹ kí ẹ ti dé Ẹ̀pẹ́, nọ́ńbà ẹni tó ń dúró dè yín níbẹ̀, àti aago tó jẹ́ pé tí òun ò bá tíì gbọ́ yín kó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn. Ẹ ṣe òmíràn fún ọjọ́ kejì, kí ẹni tó wà ní Ìgbókòdá náà ní ẹ̀dà kan.

IyaEleja

Ọmọ mi, tí ẹ bá mọ ọjọ́ tí ẹ máa kọjá ní Àtíjẹ́rẹ́ ẹ kọ ọ́ síbí. Mo ní àbúrò tó ń tajà létí omi níbẹ̀, màá ní kó máa wò yín lọ́nà, kó sì fi oúnjẹ gbígbóná sílẹ̀ de ọmọdé yẹn.